Títún bẹ̀rẹ̀ sí í dín ara kù: bí kò ṣe ní sú yín lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kejì

Ẹni tó ti dín kílò 8 kù lára rí, tó wá gba kílò 10 padà, mọ ohun tí ojú ń rí. Ṣòkòtò tó ń yọ́ bọ́ nídìí lọ́dún tó kọjá tún ti há nítan. Àwọn tó ń sọ pé "o mà ti fà wálẹ̀ o" kò sọ nǹkan mọ́. Òṣùwọ̀n ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni títún bẹ̀rẹ̀ ṣòro fún jù, nítorí pé ó ti mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Òun la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, a sì kọ ọ́ pẹ̀lú Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́kàn: ọkà (àmàlà) ibẹ̀, òde ìnáwó ibẹ̀, àti ẹnu àwọn ará ibẹ̀. Ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìsẹ́yìn kò ní rí nǹkan púpọ̀ yí padà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ẹrù ẹ̀bi kúrò lórí yín. Ara tó ti dín kù kì í ná agbára tó bí ara ńlá ṣe ń ná an. Leptin, ohun tí ọ̀rá ara ń ṣe láti fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà nílé, náà máa ń dín kù. Nítorí náà ebi ń pọ̀ sí i lásìkò tí oúnjẹ tó yẹ kí èèyàn jẹ ń kéré sí i. Ẹni tó bá padà sí bó ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀ yóò sanra padà, ọ̀lẹ ni o, akíkanjú ni o. Ní Amẹ́ríkà, Rena Wing àti James Hill dá ìwé orúkọ kan sílẹ̀ ní 1994, National Weight Control Registry, fún àwọn tó ti dín ó kéré tán kílò 13.6 kù, tí wọn ò sì gbà á padà fún odidi ọdún kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nínú ìwé náà ló ti gbìyànjú rí tó já sí pàbó kí èyí tó ṣe é tó ṣe é.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun

Bí ẹ bá ń lo ìnsúlínì, tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà bíi glibenclamide tàbí glimepiride, ẹ má dín oúnjẹ kù kí ẹ tó rí dókítà tó ń tọ́jú yín. Oògùn tó bá oúnjẹ àná mu lè já ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù lónìí: gbígbọ̀n, òógùn tútù, ojú ṣíṣú. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ máa dín ara kù. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú yóò kọ́kọ́ gba àṣẹ. Bí sísanra bá dé lójijì, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí mímí sì ń ṣòro, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkà rárá. Ó lè jẹ́ ọkàn tàbí kíndìnrín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Bowen àti ti LAUTECH, ṣùgbọ́n ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò tó fún wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru lásán. Ẹ wọ̀n ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ibi tí ìkòkò ti sán

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á tún pọn omi sínú ìkòkò tó ń jò, wọ́n á ní lọ́tẹ̀ yìí àwọn máa gbìyànjú sí i. Ẹ mú ìwé pélébé kan. Ẹ kọ oṣù tí ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, oṣù tí ó dáwọ́ dúró, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 3 tó ṣáájú ìdádúró náà. Bí ẹ kò bá rántí, àwòrán inú fóònù á rántí: òde wo ni ẹ lọ, ta ló ṣàìsàn, ìgbà wo lẹ rin ìrìn àjò.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹrù pọ̀ jù lọ́jọ́ kan: lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan ṣoṣo, kò sí ọkà mọ́, kò sí búrẹ́dì mọ́, kò sí ìrẹsì mọ́, a ó sì máa sáré láago márùn-ún ìdájí. Irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń lọ bí iná pápá títí dé ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Omiíràn ni ẹ̀tàn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ara ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan rẹ̀ sì ń di omi bíi gíráàmù 3 mú. Bí oúnjẹ bá dín kù, ara á ná ṣúgà náà, omi rẹ̀ á bá a lọ, òṣùwọ̀n á wálẹ̀ ní kílò 2 tàbí 3. Inú á dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ọ̀rá gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó lè jẹ́ ìdajì kílò péré, ẹni náà á ní ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ kejì yẹn gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Owó náà wà níbẹ̀. Ẹni tó gbé ètò rẹ̀ ka ápù, ọ́ọ̀tì àti tíì inú páálí, ọjọ́ tí owó bá tán ni ètò tán. Ápù kì í hù ní Ọjà Jagun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àìsàn ọmọ wà, ìdánwò wà, òkú ṣíṣe wà, gbogbo ohun tó ń gé ètò sí méjì tí kò sì sí ọ̀nà ìpadà tí a ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu èèyàn náà wà, a ó dé orí rẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Ẹni tó bá kọ márààrún sílẹ̀ kò tíì rí ibi tó ti sán.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn ara, ṣùgbọ́n ẹ má fi òṣùwọ̀n nìkan ṣe adájọ́

Ẹ gbé òṣùwọ̀n sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, kì í ṣe orí rọ́ọ̀gì. Rọ́ọ̀gì ń parọ́. Bí ó bá jẹ́ alọ́wọ́-aago, ẹ yí i kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí òdo kí ẹ tó gùn ún. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó jẹ tàbí mu, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan náà. Ẹ ṣe é ní àárọ̀ 3 láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in sí 3. Ìpín yẹn ni ìwúwo ọ̀sẹ̀ náà. Ti ọjọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí: iyọ̀ inú ọbẹ̀, nǹkan oṣù obìnrin, àìyàgbẹ́, gbogbo wọn ló lè fi kílò kan tàbí méjì gbé e sókè láìsí ọ̀rá kankan nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yá tépù lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ wá ibi tí egungun ìhà tó kẹ́yìn parí sí, ẹ wá orí egungun ìbàdí, ẹ gbé tépù gba àárín méjèèjì yí ikùn ká, ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ tó kà á. Ẹ má fa ikùn sínú. Ta lẹ fẹ́ tàn? Bí ti ọkùnrin bá ju sẹ̀ǹtímítà 94 lọ (bí ínṣì 37), tàbí ti obìnrin ju 80 lọ (bí ínṣì 31 àbọ̀), Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí ibi tí ewu àrùn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà ti ń ga sí i. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó fún tépù.

Obìnrin tó ń so ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ti ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ nílé. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi òwú sín, tí kì í ṣe rọ́bà, kò ń fà. Bí ara bá ń dín kù, ó máa ń yọ̀ wálẹ̀ láti ìbàdí sí itan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń sọ òótọ́ ṣáájú òṣùwọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ibi tí ẹ ń lọ mọ sí ìtòsí

Ẹ gbàgbé kílò 25 fún báyìí. Ẹ ṣírò ìdá 5 nínú 100 ìwúwo yín. Ẹni tó wọn kílò 92, 4.6 ni tirẹ̀, ibi tó ń lọ ni 87.4. Bí ó bá ń sọ ìdajì kílò nù lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 9 sí 10 ni. Ìwọ̀nba yẹn ti tó kí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sàn lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ kọ ti ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni ìrìn tó dára. Ẹni tó bá ṣèlérí kílò 10 lóṣù kan fún yín, nǹkan ló fẹ́ tà. Púpọ̀ nínú àwọn tíì ìfọn tó wà nígboro ní ewé sẹ́nà nínú, oògùn ìyàgbẹ́ ni. Omi àti ìgbẹ́ ló ń wọ́ jáde, ọ̀rá jókòó síbi tó wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun méjì péré, àti ìwọ̀n ọjọ́ burúkú

Ẹ mú ohun kan nínú oúnjẹ, ẹ mú ohun kan nínú ìrìn. Kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ 4 àkọ́kọ́. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìwọ̀n méjì: ìwọ̀n ọjọ́ gidi àti ìwọ̀n ọjọ́ burúkú. Bí ti ọjọ́ gidi bá jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú 20, ti ọjọ́ burúkú lè jẹ́ ìṣẹ́jú 5 yí ilé po pẹ̀lú sílípáàsì. Bí ti ọjọ́ gidi bá jẹ́ èlùbọ́ tí a wọ̀n, ti ọjọ́ burúkú lè jẹ́ pé ẹ ó dá òkèlè mẹ́ta sílẹ̀ nínú àwo.

Ẹ lè ní kí ni ìṣẹ́jú 5 fẹ́ ṣe fún ọ̀rá. Kò ṣe nǹkan kan fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí okùn já, kí ẹ má baà tún di ẹni tó "ń múra àtibẹ̀rẹ̀". Ní 2009, Phillippa Lally àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé èèyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ 12 láti mọ ìgbà tí ohun tuntun ń di bára kú. Ìdajì wọn dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ 66, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti 18 títí dé 254 (èyí tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12, ìṣirò ni wọ́n fi sọ ọ́). Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan ṣoṣo kò ba nǹkan jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀sẹ̀ 6 ṣì ń ṣe bí ọjọ́ kìíní fún kò ṣìnà.

Ẹ wá so ohun kọ̀ọ̀kan mọ́ àkókò tàbí ibì kan, ní gbólóhùn "bí... màá". Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ̀wé lórí irú ìpinnu yìí ní 1999, a sì ti dán an wò lórí oríṣiríṣi nǹkan láti ìgbà náà. "Màá máa rìn sí i" kò mú ẹnikẹ́ni dìde. "Bí mo bá ti bọ́ọ́lẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Tákíẹ̀ nírọ̀lẹ́, màá fẹsẹ̀ rìn délé" ń mú un dìde, torí ẹsẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ẹ kọ gbólóhùn kan fún ibi tí ìkòkò yín ti sán pẹ̀lú. Bí àìsàn ọmọ ló gé e nígbà yẹn, ẹ kọ ọ́: "Bí ọmọ bá ṣàìsàn, ìwọ̀n ọjọ́ burúkú ni màá ṣe títí ara rẹ̀ á fi le, màá padà ní ọjọ́ kejì rẹ̀."

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọkà, láti ìdí ìkòkò

A kì í sọ fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété pé kó má jẹ ọkà. Kò pọn dandan, kò sì lè pẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ibi tí a ti ń wọ̀n ọ́n.

Gbẹrẹfu èlùbọ́ gíráàmù 100 ní nǹkan bíi kálórì 350, bí gàrí náà ṣe rí. Tí a bá ti rò ó tán, kò sẹ́ni tó lè fojú mọ iye èlùbọ́ tó wà nínú rẹ̀ mọ́, torí omi ni ìyókù: ọkà rírọ̀ àti ọkà líle tí wọ́n tóbi bákan náà nínú láílọ́ọ̀nù kì í ṣe oúnjẹ kan náà. Nítorí náà, gbígbẹ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ife kan tí ẹ kò ní yí padà, ìbáà ṣe agolo mílíìkì. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ ro ọkà bí ẹ ṣe máa ń rò ó, ṣùgbọ́n ẹ ka iye ife tó wọlé. Ẹ má dín nǹkan kan kù lọ́jọ́ náà. Ẹ kàn fẹ́ mọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ife 3 fún ẹ̀yin nìkan, láti ọ̀la ẹ sọ ọ́ di 2 àti díẹ̀, ìyẹn ife 2 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ife kẹta. Ẹ ka omi náà, kí ó má baà ṣàn tàbí kí ó le. Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa, ẹ da èlùbọ́ sí i, ẹ fi omorogùn rò ó kíákíá kí ó má baà ta kókó, ẹ ta omi gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ dé e kó jinná, ẹ tún un rò. 

Ẹ kó ọkà sínú àwo kékeré. Ẹ bu ewédú kún un, kì í ṣe ìpọ́nkọ́ kan. Ìpọ́nkọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ewé àti omi ni, kò wúwo. Gbẹ̀gìrì ìpọ́nkọ́ kan: ẹ̀wà ni, ó ń pa ebi, àfi bí epo bá léfòó lórí rẹ̀. Ọbẹ̀ ata ni ẹ ó ti ṣọ́ra, síbí ìjẹun kan epo, pupa ni o, funfun ni o, ó tó kálórì 120. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ tòrò, kí ẹ sì fi síbí ré epo òkè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹja tàbí ẹran gidi. Pọ̀nmọ́ ń múnú ẹnu dùn, ṣùgbọ́n kò lè dúró fún ẹja. Ẹja gíráàmù 100 ń fún ara ní pùròtéènì bíi gíráàmù 20, ẹyin méjì bíi 12. Ẹni tí kò bá ní pùròtéènì tó nínú àwo ni ebi ń tètè pa lẹ́yìn tó dín ọkà kù, òun náà ló sì máa ń sọ pé ètò yìí kò ṣe é ṣe. Wàrà dára bí a bá sè é. Èyí tí a dín máa ń mu epo bí búrẹ́dì.

Lọ́dọ̀ alábùlà, ẹ sọ̀rọ̀ kó tó bù ú, torí lẹ́yìn tó bá ti bù ú, ìtìjú ni.

"Màmá, ẹ káàsán o. Ọkà kan, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ewédú pọ̀ níbẹ̀, ẹja méjì."

"Kan kẹ̀? Ṣé o máa yó báyìí?"

"Màá yó mà. Ẹja ni ẹ bá mi wá èyí tó tóbi."

Ìyá alábùlà kò ní í bínú sí ẹni tó fi ẹja dípò ọkà, owó ẹja ju ti ọkà lọ.

Ti ohun mímu kò gùn. Ẹ wo ara ìgò mínírà. Bí wọ́n bá kọ ṣúgà gíráàmù 10 sí 100 ml, ìgò 50 cl ti kó gíráàmù 50, ìyẹn síbí tíì bíi 12, kálórì 200. Ẹni tó ń mu ọ̀kan lójúmọ́, tí kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn ju pé ó fi omi rọ́pò rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀pà àti kájú tí a yan ni ohun kejì tó ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ̀kúnwọ́ kan sún mọ́ 170. Èso kájú fúnra rẹ̀ kò burú, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kóró rẹ̀ ni olówó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìrìn

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 5. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ẹ ti dé 30, ọjọ́ 5 sì sọ ọ́ di 150, iye tó kéré jù nínú ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe lọ́sẹ̀. Ìyára rẹ̀ ni pé kí ẹ lè sọ̀rọ̀, kí ẹ má lè kọrin. Aago ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má wulẹ̀ ka kìlómítà: ìdajì àkókò ní àlọ, ìdajì ní àbọ̀. Ẹ má rìn létí títì Ọ̀yọ́ sí Ìlọrin níbi tí tírélà ń gbà; pápá ilé ìwé tàbí inú ọgbà LAUTECH sàn. Sílípáàsì ni ó ń dá ìrora gìgísẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó wúwo. Káńfáàsì ọ̀kirikà tó ní ìdí nípọn tó, kò dìgbà tó bá jẹ́ tuntun. Lọ́jọ́ òjò tàbí tí ọyẹ́ bá ń ru eruku, ẹ jókòó sórí àga, ẹ dìde láìfọwọ́ tì í, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ìyẹn ń tọ́jú iṣan, torí ara tó ń dín kù máa ń jẹ iṣan pẹ̀lú ọ̀rá bí a kò bá lò ó. Kódà lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ dára, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí ẹ ṣe é. Ẹni tó ń fa omi kànga ti rí tirẹ̀ ṣe.

Kí ẹ má retí pé ìrìn nìkan á gbé ọ̀rá lọ. Ẹni kílò 80 tó rìn ní ìṣẹ́jú 30 ná nǹkan bíi kálórì 130 sí 150, kò tó mínírà kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ìwé orúkọ Wing àti Hill, bíi wákàtí kan lójúmọ́ ni wọ́n ń fi ṣe eré ìmárale. Oúnjẹ ló ń dín ara kù. Ìrìn ni kì í jẹ́ kó padà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹnu àwọn èèyàn

Ìwé òyìnbó kì í kọ nípa èyí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pa ètò púpọ̀ nílẹ̀ wa. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Àwọn ará ilé á ṣàkíyèsí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó sanra, ayé rẹ̀ ló dára. Ẹni tó rù, àìsàn tàbí ìrònú ni. Ìyá àgbà kan ládùúgbò á pè yín sápá kan:

"Kí ló dé tí o rù báyìí? Ṣé kò sí o? Ṣé ọkọ rẹ ò yọ ọ́ lẹ́nu?"

Gbólóhùn yẹn nìkan ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn padà sí ife mẹ́ta. Ẹ ti múra ìdáhùn sílẹ̀ kó tó dé: "Kò sí nǹkan kan mà, àlàáfíà ni. Ẹ̀jẹ̀ mi ló ga, wọ́n ní kí n rọra máa dín ara kù. Ó ti ń wálẹ̀." Bí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, tí tòní sì wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Àgbà kì í bá ẹ̀jẹ̀ ríru jiyàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ga, kó má purọ́. "Orúnkún ń dùn mí" tàbí "mo fẹ́ kí ara mi fúyẹ́" tó.

Oúnjẹ tí àgbà bù fúnni nira ju ọ̀rọ̀ lọ. Kíkọ̀ ọ́ ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ jẹ ẹran àti ọbẹ̀, kí ẹ sì sọ pé, "Ẹ bá mi fi ìyókù sínú abọ́ mà, màá jẹ ẹ́ lálẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe lóde ìnáwó: ẹran àti mọ́ínmọ́ín kọ́kọ́, ìrẹsì wá tẹ̀ lé e, omi lọ́wọ́. Ẹ má gbààwẹ̀ ọ̀sán kí ẹ tó lọ. Ẹni tí ebi ti pa dé òde kì í yan oúnjẹ.

Ẹ sì wá ẹnìkan, bí ẹni tí ń ṣe àárò lóko. Ẹ kò ní sọ ìwúwo fún ara yín. Ohun tí ẹ ṣe lónìí nìkan ni ẹ ó máa fi ránṣẹ́: "Ìrìn 20, ife 2." Bí ọ̀kan kò bá ṣe é, ìkejì kò gbọ́dọ̀ wàásù. Kó kàn béèrè pé, "Aago mélòó lọ́la?"

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: nígbà tí ẹ bá ṣubú

Ní 1975, àwọn olùwádìí méjì, Herman àti Mack, fún àwọn kan ní mílíìkì aládùn mu, wọ́n wá gbé áísìkirimù kalẹ̀ fún wọn. Àwọn tí kì í ṣọ́ oúnjẹ jẹ díẹ̀, torí inú wọn ti kún. Àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ ló wá jẹ ẹ́ ju bí ì bá ṣe rí bí wọn kò mu nǹkan kan lọ. "Ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn, ẹ jẹ́ n jẹ ẹ́ tán." Ọkàn yìí ni ọ̀tá, ìrẹsì ìnáwó kọ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Kílò kan ọ̀rá tó nǹkan bíi kálórì 7,700. Bí òṣùwọ̀n bá fi kílò 1.5 ga lọ́jọ́ kejì ìnáwó, kí ìyẹn tó lè jẹ́ ọ̀rá, ẹ ti ní láti jẹ bíi kálórì 11,500 lé sórí oúnjẹ òòjọ́. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Omi àti iyọ̀ ni, àti oúnjẹ tó ṣì wà nínú ìfun. Láàárín ọjọ́ 3 sí 4 ó máa lọ bí ẹ bá padà sí bí ẹ ṣe ń ṣe. Àṣìṣe tó tóbi ni kí ẹ fi ebi jẹ ara yín níyà lọ́jọ́ kejì. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ ó tún ṣubú. Oúnjẹ àárọ̀ bí ìṣe, omi, ìrìn, kí ẹ sì yẹra fún òṣùwọ̀n fún ọjọ́ 4.

Òfin kan ló wà níbí: ọjọ́ kan lè lọ, ọjọ́ méjì kò gbọ́dọ̀ tò tẹ̀ léra láìsí ìwọ̀n ọjọ́ burúkú.

Bí òṣùwọ̀n bá dúró gbagidi

Ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe ìdúró. Bí ìpín ọ̀sẹ̀ àti tépù kò bá yí padà rárá fún ọ̀sẹ̀ 3, ẹ wá inú ilé kí ẹ tó fi kún ìyà. Ṣé ife náà ni, àbí wọ́n ti ń gbé òkìtì lé e lórí? Ta ló ń se ọbẹ̀, báwo ni epo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Ẹ̀pà lórí tábìlì ń kọ́? Àkàrà tí ẹ ń tọ́ wò nídìí iná ń kọ́? Wákàtí mélòó lẹ ń sùn? Ẹni tí kì í sùn tó wákàtí 7, ebi rẹ̀ máa ń pọ̀ lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ dídùn ló sì máa ń wù ú. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, ẹ yọ ìdá mẹ́ta ife sí i, tàbí kí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 kún ìrìn. Ọ̀kan nínú méjì, kì í ṣe méjèèjì.

Nígbà tí ẹ bá dé ìdá 5 náà

Ẹ dúró. Ẹ má tún ìmíràn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi ìdajì ife èlùbọ́ kún ti alẹ́, ẹ má dín ìrìn kù, kí ẹ gbé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Òṣùwọ̀n lè fi ìdajì sí kílò kan ga ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́: ṣúgà inú iṣan àti omi rẹ̀ ló padà sílé. Ibi tí ó bá rọ̀gbà sí ni ìwúwo tuntun. Ẹ fi kílò 2 lé e, kí ẹ pe ìyẹn ní ààlà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìpín bá kan ààlà, ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ẹ padà sí ohun méjì ìbẹ̀rẹ̀, láìdúró de Mọ́ńdè tàbí oṣù tuntun. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà ààlà náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì gbé òṣùwọ̀n kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá síbi tí ojú ti ń rí i.